Káàdì sọ AS, ẹ̀jẹ̀ sọ SC: bí a ṣe gbé aláìsàn kan sórí ẹ̀rọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní Ilé-Ifẹ̀

Télọ̀ ni aláìsàn náà, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 láti Iléṣà. Ó ti pẹ́ tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn tàbí bó bá fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́. Àwọn ará ilé gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní omi ewé ugu àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣe echo, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, fún un ni wọ́n tó rí ihò lára ògiri tó pín yàrá òkè méjì ọkàn níyà, ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ láti apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ọkàn ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró sì ti gòkè díẹ̀, àmọ́ kò tíì kọjá àtúnṣe. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ní Ifẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Irú rẹ̀ gan-an ni John Gibbon dí fún ọmọbìnrin ọdún 18 kan ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe tí ó sì yọrí sí rere. Ní Nàìjíríà, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, ní 1974, nígbà tí Magdi Yacoub, oníṣẹ́ abẹ ọkàn, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá àwọn dókítà ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ọkàn gbọ́dọ̀ dúró fún, dídí ihò yìí wà lára èyí tó rọrùn jù. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni èmi máa ń jókòó sí. Perfusionist ni mí. Ohun tó mú mi kọ àkọsílẹ̀ yìí ni pé ihò ọkàn ọmọ yìí kò fún wa ní wàhálà kankan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Inú fáìlì rẹ̀, káàdì jẹnotáìpù kan wà tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. AS ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìpalẹ̀mọ́ ẹni tó jẹ́ AS kò le púpọ̀: a ó rí i pé ara rẹ̀ kò tutù, pé ọ́síjìn kò wọ́n ọn, pé ásíìdì kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá hóró pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 31. AS nìkan kì í mú kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí ní kọ́rídọ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eegun kì í ro ó?”

“Ẹ ṣeun, dókítà ọmọ mi. Bí òjò bá pọ̀, orúnkún àti ìgbáròkó a máa dùn ún. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ni, ó wà nínú ìdílé bàbá rẹ̀.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ó ti wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó pè mí kí n wá wò ó: hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rẹpẹtẹ tí àárín wọn dúdú, tí òrùka tó mọ́lẹ̀ yí àárín náà ká, tí etí wọn sì tún dúdú. Irú hóró bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ AS. Ó tún àyẹ̀wò jẹnotáìpù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí àṣìṣe káàdì ṣe lè wáyé, nítorí kò ní ṣàìtún ṣẹlẹ̀. Níbi àyẹ̀wò yìí, iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lórí bébà pẹlẹbẹ títí oríṣi hẹmoglóbínì kọ̀ọ̀kan, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, yóò fi dúró ní àyè tirẹ̀. A ló ń sáré jù, S tẹ̀lé e, C ló ń kẹ́yìn. AS a máa yọ ìlà méjì. SC náà, ìlà méjì ni. Bí ẹni tó ń kà á kò bá fi ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi wé e, ó lè rí ìlà méjì, kó kọ AS, kó sì pe ẹni tó kàn. Ọ̀gá yìí fi ẹ̀jẹ̀ AS àti ẹ̀jẹ̀ SC tó dá lójú sí ọ̀tún àti òsì, ó sì tún fi oríṣi àyẹ̀wò kejì, èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ásíìdì, tì í lẹ́yìn. SC ni, ọ̀kan lára àwọn oríṣi àìsàn arọmọléegun. Àárín àwa Yorùbá sì ni C ti wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó ṣe ní kàyéfì.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lórí ẹ̀rọ pọ̀ gidigidi. Ẹni tó jẹ́ AS ṣì ní A tó ju ìdajì lọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. SC kò ní A rárá. Bí ọ́síjìn bá dín kù, bí ara bá tutù, bí ásíìdì bá pọ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, hóró ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a gan, a sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀rọ wa lè kó bá ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹni tó ń darí rẹ̀ kò bá là ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí gùn. Dókítà kan ní kí a dá a dúró, kí wọ́n máa fi oògùn tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, àìsàn SC fúnra rẹ̀ sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀dọ̀fóró sókè. Bí a bá dúró, méjèèjì yóò pawọ́ pọ̀. Gbogbo wa gbà pé kí a ṣe é. Ibi tí a ti ta kókó ni ọ̀rọ̀ òtútù. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ fẹ́ kí a mú ara rẹ̀ wá sí 32°C bí a ti máa ń ṣe. Ó ní bí ẹ̀rọ bá dáwọ́ dúró lójijì, òtútù ló máa ra àkókò fún ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Èmi ní, “Sà, iṣẹ́ yìí kò ní gùn. Ewu pé ẹ̀rọ á dúró kéré. Ewu pé ẹ̀jẹ̀ á gan nínú òtútù tóbi jù ú lọ fún ọmọ yìí.” Oníṣègùn akunnilóorun gbè mí lẹ́yìn. A fẹnu kò sí 36°C. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti mú aláìsàn SS tutù lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn tí kò sì sí láburú; ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí ọkàn kò ní dúró ju ìlàjì wákàtí lọ, n kò rí ìdí tí a ó fi wá ewu kún ewu.

Ohun kejì tí a fẹnu kò lé lórí ni pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, kí S àti C tó wà lára rẹ̀ má bàa ju 30% lọ lápapọ̀. Bí a bá kàn fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìfa tirẹ̀ kúrò, ẹ̀jẹ̀ yóò ki jù, kíki náà á sì dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ní wọ́ọ̀dù, wọ́n fa páíǹtì kan jáde, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ AA rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe títí ó fi di ìgbà mẹ́ta. Oríṣi A inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè dé 42%. Èyí tó kù, a fi í sílẹ̀ de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ibi ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kún ọkọ̀ wá láti Iléṣà láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n láàárín wa, bí mẹ́rin bá dúró, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS, ẹ̀jẹ̀ AS kò sì wúlò fún iṣẹ́ yìí: S tí a ń lé jáde ni a ó tún máa kó wọlé. Báńkì ẹ̀jẹ̀ kì í sábà yẹ jẹnotáìpù ẹni tó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wò. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n sì rí AS níbẹ̀ lóòótọ́. A tún ní kí ẹ̀jẹ̀ tí a máa lò má pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú fíríìjì, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ a máa ní pòtásíọ̀mù púpọ̀, ọ́síjìn tó lè fún ara a sì dín kù.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, a ti pa ẹ̀rọ amúlétutù tíátà kí wọ́n tó gbé e wọlé, a sì tẹ́ ìtẹ́ olómi gbígbóná sábẹ́ rẹ̀. Kìlógíráàmù 48 ni. Bí a bá ka 65 mililítà ẹ̀jẹ̀ fún kìlógíráàmù kan, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi lítà 3.1. Mo fi àpò ẹ̀jẹ̀ AA mẹ́ta àti omi tí a ti pò ásíìdì rẹ̀ dọ́gba kún inú ẹ̀rọ, mo sì mú un gbóná dé 36°C kí ó tó kan ara rẹ̀. Heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, 400 yúnítì fún kìlógíráàmù kan, ni a fún un. ACT rẹ̀, ìyẹn àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, gòkè láti ìṣẹ́jú àáyá 128 sí 512. A kì í gbéra láìjẹ́ pé ó kọjá 480.

Ìpààrọ̀ tó kù wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ gan-an. Lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú iṣan ńlá aláìsàn jáde a máa ṣàn sínú ike tó wà lára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fún un ní ọ́síjìn, á sì dá a padà sínú aorta, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ara. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi klám̀pù dí ojú ọ̀nà ike náà, mo sì darí ẹ̀jẹ̀ àkọ́jáde sínú àwọn àpò òfìfo nílẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ AA inú ẹ̀rọ ti ń wọlé láti apá kejì. Nọ́ọ̀sì kan jókòó sórí àpótí kékeré níwájú òṣùwọ̀n, ó ń pe iye rẹ̀ sókè: 400, 600, 900. Ohun tó le níbẹ̀ ni kí ìjáde àti ìwọlé bára mu. Bí ìjáde bá ṣíwájú, ìfúnpá á já; bí ìwọlé bá ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ tuntun ni a ó máa dà nù. Ìfúnpá rẹ̀ sọ̀ dé 44 nígbà kan, oníṣègùn akunnilóorun fi oògùn díẹ̀ gbé e. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe 1,600, mo tú klám̀pù, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ gba gbogbo iṣẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ náà fi hàn pé A ti di 72%. PCV wà ní 29. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú àpò, a kò dá a padà sí i lára.

Mo gbé ìṣàn sí lítà 3.8 níṣẹ̀ẹ́jú, èyí tó fi díẹ̀ ju ohun tí à ń fún ẹni tó ga tó o lọ. Ojú mi kò kúrò lára SvO2, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ara padà sínú ẹ̀rọ. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé bó bá wá sísàlẹ̀ 70, n ó kígbe. Ó wà ní 78.

Wọ́n fi okùn fún iṣan ńlá òkè àti ti ìsàlẹ̀ mọ́ páìpù wa, wọ́n dá ọkàn dúró pẹ̀lú oògùn inú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná, wọ́n sì ṣí yàrá òkè apá ọ̀tún. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ inú ike ń fà. Ó ti 800 mililítà wá sí 600, ó wá sí 350. Mo ní láti dín ìṣàn kù sí lítà 2.6 kí ike má bàa gbẹ, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. SvO2 wá sí 66. Mo kígbe.

Ohun tó yá jù lọ́wọ́ ni kí a da omi sínú ike kó lè kún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn ń tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò padà wá gbọ́dọ̀ wà níbì kan, omi tí mo bá dà sí i yóò kàn bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, yóò sì tún mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàn jù. Mo bi oníṣègùn akunnilóorun léèrè ìfúnpá iṣan ọrùn. “Ó ti di 19, mẹ́rin ló wà tẹ́lẹ̀.” Ó ṣí aṣọ lójú aláìsàn: ìpéǹpéjú ti ń wú. Páìpù òkè ti dí. Ẹ̀jẹ̀ orí kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọpọlọ. Ìfúnpá tó ń wọlé jẹ́ 58. Èyí tó ń dí ọ̀nà àbájáde jẹ́ 19. Kìkì 39 ló kù tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ọpọlọ kọjá, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń dúró pẹ́ níbẹ̀, ọ́síjìn rẹ̀ ń tán. Ẹni tó jẹ́ AA lè fara da èyí fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ṣì ní 28% S àti C lára, ibi tí gígan ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oníṣẹ́ abẹ tú okùn òkè, ó yọ ìkọ́ tó fi la yàrá ọkàn sílẹ̀, ó sì fa páìpù náà sẹ́yìn bí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ya wọ inú ike gùdù. Ìkọ́ yẹn ló ti ti orí páìpù mọ́ ògiri iṣan. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú méjì, síbẹ̀ ásíìdì ti pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: pH ti wá sí 7.31. A fún un ní báíkábónéètì tó ń pa ásíìdì, mo gbé ìṣàn sí lítà 4 fún ìgbà díẹ̀, SvO2 sì padà sí 80. Láti ìgbà náà ni oníṣègùn akunnilóorun ti ń pe ìfúnpá ọrùn sókè láìjẹ́ pé ẹnì kankan bi í.

Ibi tí wọ́n ti ń rán awọ tí wọ́n gé lára àpò ọkàn rẹ̀ mọ́ ojú ihò náà ni iná ti lọ. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà la ti múra sílẹ̀ de ìyẹn: bátìrì inú ẹ̀rọ gbé e lójú ẹsẹ̀, ọ̀pá ìfọwọ́yí wà nítòsí, jẹnẹrétọ̀ sì dún láìpẹ́. Ohun tó yàtọ̀ fún aláìsàn yìí ni omi gbígbóná. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná kì í sí lára bátìrì, iná tó ń jẹ pọ̀ jù. Tiwa kì í sì í tan ara rẹ̀ bí iná bá dé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ ẹ́. Bí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ bá ń yí, tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ sì tàn, ó rọrùn láti gbà pé gbogbo nǹkan ti bọ̀ sípò, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀. Igbákejì mi ní iṣẹ́ kan ṣoṣo bí iná bá lọ, mo sì ti fi lé e lọ́wọ́ láàárọ̀: kó lọ dúró ti ẹ̀rọ omi. Ó tẹ̀ ẹ́ bí jẹnẹrétọ̀ ti gbà á. Ibi tí ooru ẹ̀jẹ̀ sọ̀ dé jù ni 35.4°C.

Ìyókù kò ní ìtàn. Ọkàn dúró fún ìṣẹ́jú 31, aláìsàn sì wà lórí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 64. Wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde dáadáa, ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù fúnra rẹ̀. A fi protamine pa heparin, díẹ̀díẹ̀, mo sì pa gbogbo ẹ̀rọ ìfàmu bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ máa dì má bàa gba ibẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ. Ní yàrá ìtọ́jú pàtàkì, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ní alẹ́ yẹn, wọ́n fi omi tì í, ó mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kò jẹ́ kí òtútù, òùngbẹ tàbí ìrora gbé e, nítorí ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn mí kanlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tí kò bá sì ṣí dáadáa ni àyà dídùn tí àwọn alárùn arọmọléegun ń bẹ̀rù jù ti ń wọlé. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Kó tó lọ, a jókòó pẹ̀lú òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. AS ni ọkùnrin náà. Wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé AS méjì ni àwọn, pé ọmọ kan nínú mẹ́rin ló wà nínú ewu. Pẹ̀lú SC àti AS, oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ AS, AC, SS tàbí SC. Ìdajì ni ewu náà báyìí. Ọ̀rọ̀ tó le láti gbọ́ ni, ṣùgbọ́n tiwọn ni, ẹnu wa ló sì yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. A ní kí àwọn àbúrò rẹ̀ náà wá ṣe àyẹ̀wò.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi káàdì jẹnotáìpù ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá máa gun orí ẹ̀rọ, a ń tún tirẹ̀ ṣe, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń wé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì ń kọ́kọ́ bi í léèrè eegun ríro kí a tó ṣí fáìlì. Ẹ̀rọ omi gbígbóná ti wà nínú ìwé àyẹ̀wò iná lílọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Mo sì ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ pé bí ike bá ń fà, kí wọ́n bèèrè ìfúnpá ọrùn kí ọwọ́ wọn tó kan omi.

Ibi tí ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí ni iṣẹ́ tó gùn, irú bíi fáàfù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkàn yóò dúró ju wákàtí méjì lọ. Níbẹ̀, n kò ní fara mọ́ 28%. N ó fẹ́ kí ìpààrọ̀ ní wọ́ọ̀dù ti mú S àti C wá sísàlẹ̀ 30 kí aláìsàn tó dé tíátà, kí ti orí ẹ̀rọ wá dín in kù sí i. Ìyẹn túmọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ AA tó pọ̀ ju èyí tí a lò yìí lọ dáadáa, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá báńkì ẹ̀jẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n ní ìwé àwọn olùfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé AA ni wọ́n, tí wọ́n lè pè lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ.